Oṣù Mẹ́fà Ìkọ́ṣẹ́ Kì Í Ṣe Oṣù Ìsinmi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí a rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni, àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fún ní ìwé pé kí wọ́n lọ fi oṣù díẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tí ìwé náà wà fún, àìmọ̀ yìí sì ń ṣe àwọn ọmọ náà ní ibi.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, ìyá kan nínú ìjọ wa, ẹni tí ń ta aṣọ, mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá mi ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí. Ọmọ náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ iná mànàmáná ní yunifásítì, ó sì ti dé ọdún kẹrin. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá náà ní: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí ó wá ibi tí yóò ti fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́. Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Ta ni yóò bá mi gbé ẹrù jáde láàárọ̀? Ẹ̀yin mọ èèyàn. Ẹ bá wa wá ọ̀gá kan tí yóò buwọ́ lu ìwé rẹ̀, tí yóò sì fi òǹtẹ̀ lù ú, kí ọmọ yìí lè máa bá mi jókòó ní ìsọ̀. Bí oṣù mẹ́fà bá pé, yóò padà sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.”

N kò ní purọ́ fún yín. Ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí i láti ṣe é. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́, tí kò ní kọ ẹ̀bẹ̀ mi. Mo sì mọ̀ pé opó ni ìyá náà, ọmọ yìí ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ náà, mo bi í pé: “Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́?” Ó wo ilẹ̀ títí, kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rò pé òun ń takò ó. Nígbà tí ó ṣe, ó ní: “Bàbá, ọdún kẹrin mi nìyí. N kò tíì fi ọwọ́ ara mi tú ẹ̀rọ iná kan rí. Inú àwòrán ni mo ti mọ gbogbo wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ Àìkú, nítorí mo fẹ́ rò ó.

Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbà èwe tèmi. Mo lọ sí ilé-kéwú, mo sì lọ sí ilé-ìwé girama díẹ̀ kí owó tó tán. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan pé kí n máa wo bí wọ́n ti ń ṣe. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ṣì ń tò níbẹ̀ lákòókò náà. Fún oṣù méjì gbáko, àkàrà ni wọ́n ń rán mi rà. Mo ń gbá ilẹ̀, mo ń pọn omi, mo mọ orúkọ gbogbo alákàrà àdúgbò, ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọ̀gá kò kọ́ mi, èmi náà kò sì béèrè.

Ní ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan tí ń to lẹ́tà gbé òjé tí ó ti tò sílẹ̀ síwájú mi, ó ní: “Ìwọ ọmọ kéwú, ṣé o lè ka èyí?” Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé lẹ́tà òjé a máa kọ ojú sódì, bí ènìyàn bá sì gbé e dúró síwájú, láti apá ọ̀tún ni yóò ti máa kà á bọ̀ ní apá òsì. Èmi tí ó jẹ́ pé láti kékeré ni mo ti ń ka Lárúbáwá láti ọ̀tún wá sí òsì, kò ni mí lára. Mo kà á. Láti ọjọ́ náà ni bàbá yìí ti fà mí mọ́ra. Ó kọ́ mi bí a ti ń wá àṣìṣe jáde nínú ìwé kí ó tó di títẹ̀, bí a ti ń ka iye bébà kí ènìyàn tó dá oníbàárà lóhùn iye owó, àti bí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó ṣì lórí ìwé ìpè ìgbéyàwó ṣe lè dá ìjà sílẹ̀ láàrin àna àti àna. Oṣù mẹ́rin péré ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni ó jẹ́ kí n lè máa kọ ìwé tí ẹ ń kà yìí.

Nítorí náà, kí á tó máa sọ pé oṣù mẹ́fà yìí kò wúlò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ó jẹ́.

Ní ọdún 1971 ni Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà dá àjọ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní ITF, kí ó máa bójú tó bí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣe máa mọ iṣẹ́ sí i ní ilé-iṣẹ́ àti nínú òwò. Ní ọdún 1973 ni àjọ yìí gbé ètò kan kalẹ̀ tí a ń pè ní SIWES. Ohun tí ó fà á ni pé àwọn tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ ń ráhùn: wọ́n ní àwọn ọmọ tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n bí a bá fà wọ́n dé iwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ wọn a máa gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ 748 láti ilé-ẹ̀kọ́ 11 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974. Bí èrò ti ń pọ̀ ni owó àti ìtọ́jú ètò náà di ẹrù wúwo, tí ITF fi gbé e sílẹ̀ ní ọdún 1978, tí àwọn àjọ tí ń mójú tó yunifásítì àti pólì sì gbà á. Nígbà tí ó fi di ọdún 1985, ó ti padà sí ọwọ́ ITF, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Àwọn ọmọ wa kì í pè é ní SIWES lẹ́nu ara wọn. “Ai-tí” ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá gbọ́ tí ọmọ yín ní òun ń lọ sí ai-tí, ohun tí ó ń wí nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà ni àwọn ọmọ yunifásítì tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ń lò nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ti àwọn ọmọ pólì nígbà tí wọ́n wà ní ìpele kìn-ín-ní, lẹ́yìn tí wọ́n bá sì ti gba ìwé-ẹ̀rí OND, wọ́n tún ní láti fi ọdún kan gbáko ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó padà wá kàwé fún HND. Kò yọ àwọn tí a ń bọ̀wọ̀ fún jù sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà, ọdún kan ni yóò fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà dókítà kí wọ́n tó gbà á láyè láti dá dúró. Bákan náà ni àwọn apoògùn òyìnbó.

Bí ó ti ń lọ nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò fún ọmọ ní ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá ibi tí wọ́n á ti gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni ó le jù. Bí wọ́n bá gbà á, yóò gba ìwé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní lọ́gíbúùkù. Lójoojúmọ́ ni yóò máa kọ ohun tí ó ṣe sínú rẹ̀, yóò sì ya àwòrán ohun tí ó yẹ kí ó yà. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, yóò sì máa buwọ́ lù ú. Olùkọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá parí, ọ̀gá yóò kọ ohun tí ó rí nípa ìwà àti iṣẹ́ ọmọ náà sínú fọ́ọ̀mù kan, ọmọ yóò sì kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́. Máàkì wà lórí gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, kí ni tuntun nínú èyí fún àwa Yorùbá? Ṣé kì í ṣe bí a ti ń fi ọmọ síṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, lọ́dọ̀ aránṣọ, lọ́dọ̀ káfíńtà ni? Ọmọ a lọ, a sì bá ọ̀gá jí, a máa wo ọwọ́ rẹ̀, títí ọjọ́ yóò fi pé tí a ó fi pe àwọn ẹbí wá ṣe ìyọ̀ǹda. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ọmọ ti ìsinsìnyí ti kọ́kọ́ gba ìdí ọ̀rọ̀ nínú ìwé kí ó tó wá gba ìlò rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Wọn kò ní bí ó bá mọ ìtàn ọwọ́ wíwẹ̀.

Àwa tí a ń ka Àlùkùránì náà mọ ìtàn Ànábì Músà nígbà tí ó sá dé Mádíyánà. Bàbá àgbàlagbà kan gbà á síṣẹ́, wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn: ọdún mẹ́jọ ni, bí ó bá sì fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá, inú ara rẹ̀ ni. Ẹ wò ó dáadáa, wọ́n kọ́kọ́ fẹnu kò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, da ẹran ní èwe, ó sì kó ọjà Khadija lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù kí iṣẹ́ ńlá tó dé bá a. Òtítọ́ rẹ̀ nínú ọjà yẹn ni Khadija rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtìjú ni kí ọmọ tí ó kàwé máa jíṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ lórí òǹtẹ̀ tí ìyá yẹn ní kí n bá òun wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é, wọ́n sì ń pè é ní ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀rí èké ni. Ẹni tí ó buwọ́ lù ú ń sọ pé òun rí ohun tí òun kò rí. Ọmọ tí ó jókòó ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà yóò kọ ìtàn àròsọ kún ìwé náà láti ojú ewé kìn-ín-ní dé òpin, yóò sì gba máàkì. Lọ́jọ́ iwájú, wọn yóò fi ìwé-ẹ̀rí yẹn gbé e sí ìdí iná ilé ìwòsàn tàbí ìdí òpó ilé alájà mẹ́ta. Ta ni yóò wà nínú ilé náà? Ó lè jẹ́ èmi, ó lè jẹ́ ẹ̀yin. A ti ṣe irọ́ náà nílé, àwa kan náà ni yóò padà wó lé lórí.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré, mo ní ọ̀rọ̀ fún yín pẹ̀lú. Bí ẹ bá gba ọmọ wọlé, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ẹni tí ń ra oúnjẹ kiri. Kí ó jíṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ó rí iṣẹ́. Ẹ jọ sọ ọ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní: aago wo ni yóò máa dé, kí ni yóò máa ṣe, ṣé ẹ óò máa fún un ní owó ọkọ̀ tàbí oúnjẹ ọ̀sán. Bí ẹ kò bá ní, ẹ sọ pé ẹ kò ní. Bí ẹ bá sì ti ṣe ìlérí, ẹ má ṣe fi í falẹ̀, nítorí ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí á máa fi owó ẹni tí ó ti làágùn sọ́wọ́. Àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn tó márùn-ún sókè, òfin tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2011 ní kí wọ́n máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ wọn lọ́dún fún ITF, kí wọ́n sì máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Kì í ṣe oore nìkan ni ẹ ń ṣe. Ní ti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ máa wò wọ́n bí ọmọ tí ẹ bí. Ọmọbìnrin kì í ṣe owó orí ìbuwọ́lùwé. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ fi ìwé ọmọ ọlọ́mọ dá a lóró, kí ó rántí pé Ọlọ́hun kò sùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ìwé bá dé kí ẹ tó máa wá ibi tí ẹ óò lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ má ṣe ní ilé-iṣẹ́ tí ó ní géètì ńlá nìkan ni ẹ fẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, ọmọ tètè máa ń fọwọ́ kan iṣẹ́, nítorí ọwọ́ kò pọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀gá yín kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ẹ kọ ìwé yín ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ ṣe iṣẹ́, ẹ má ṣe kó o jọ di òpin oṣù. Ẹ béèrè ohun tí kò bá yé yín, kí ẹ má baà fi oṣù méjì ra àkàrà bíi tèmi. Bí ìrun bá tó, ẹ fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè, kí ẹ sì tètè padà, kí ọ̀gá má baà rò pé ìrun ni ẹ fi ń sá fún iṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ kì í ṣe kékeré, mo sì mọ̀ pé ìsọ̀ ń fẹ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Ẹni tí ó dá àjọ ní oṣù kìn-ín-ní tí kò tíì kó, kò pariwo pé owó òun ti sọnù. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀. Ẹ má ṣe fa ọmọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ọjọ́ ọjà pé.

Nígbà tí ìyá aláṣọ àti ọmọ rẹ̀ padà wá ní ọjọ́ Àìkú, mo sọ fún wọn pé n kò ní bá wọn wá òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n n óò bá wọn wá iṣẹ́. Inú ìyá náà kò dùn. Ó ní: “Ààfáà, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ra gáàrì.” N kò rí èsì fún un. Ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ dé ibi mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní kò sí àyè, àwọn kan kò dá a lóhùn, ibì kan sì ní kí ó mú owó wá kí wọ́n tó gbà á. Nígbẹ̀yìn, inú ìjọ wa ni a ti rí ẹni tí ó gbà á, ọkùnrin kan tí ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí ó sì ń so iná tí ń lo oòrùn mọ́lé. Ìwé mẹ́fà ni ọkùnrin yìí kà. Ìyá náà mú ọmọ àbúrò rẹ̀ wá sí ìsọ̀ láti máa ràn án lọ́wọ́.

Ní oṣù kejì, ó tún wá bá mi. Ó ní ọmọ òun kò ṣe ju pé ó ń fọ irin tí epo ti bò lọ. Mo lọ bi ọ̀gá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ààfáà, ẹni tí kò bá tíì fọ ẹ̀rọ mọ́, báwo ni yóò ṣe rí ibi tí ó ti sán?” Nígbà tí ó di oṣù kẹrin, ọmọ náà ti ń tú ẹ̀rọ, ó sì ń tò ó padà. Òun náà sì ní ohun tí ó fún ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin yẹn a máa fi ojú díwọ̀n iye bátìrì tí yóò gbé ilé kan, nígbà mìíràn bátìrì á kéré, oníbàárà á sì pariwo. Ọmọ náà kọ́ ọ bí a ti ń ṣírò rẹ̀ sórí bébà kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Báyìí ni ìwé àti ọwọ́ ṣe jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Kí ó tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó wá kírun ní mọ́sálásí wa, ó sì gbọ́ òórùn kan níbi ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ó ní kí a pa á. Ó fi hàn wá pé wáyà tí ó gbé iná lọ síbẹ̀ tín-ín-rín ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi ń gbóná, tí ara rẹ̀ sì ti ń yọ́. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró ní ẹ̀yìn, ó ń wò wọ́n. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó fi ìborí rẹ̀ nu ojú.

N kò wí fún yín pé ọmọ náà ti ríṣẹ́ o. Kò tíì jáde pàápàá, iṣẹ́ sì ṣòroó rí ní ìlú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ó bá jáde, kò ní jáde lọ́wọ́ òfo, àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í sì í tan ni jẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí gbogbo ìjọ ni pé kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà láàrin wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ẹni tí ó lè gba ọmọ kan tàbí méjì lọ́dún. Kò ná wa ní nǹkan ju bébà kan lọ. Ọmọ tí ó bá gba ìwé láti ilé-ẹ̀kọ́ kò ní máa rìn láti géètì dé géètì bí ẹni tí ń tọrọ báárà, nígbà tí ẹni tí ó lè kọ́ ọ níṣẹ́ wà ní sààfù iwájú rẹ̀.

Ọlọ́hun kí ó fi ìbùkún sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó sì má ṣe jẹ́ kí làálàá àwọn òbí wọn já sí asán. Àmín.